Orí Kẹrin: Kí Ló Ń Gbé Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè?

Ẹ mú ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Mushin lọ sí Yábàá láràárọ̀, tó ń yà fún dánfó, tó ń yẹ kòtò sílẹ̀, tí kò sì mí hẹlẹ rárá. Ẹ gbé òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, kí ẹ ní kó gba ọjà àdìrẹ Ìtòkú kọjá, kó máa bọ̀ lọ́nà Olúmọ. Kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀, tí yóò máa ti kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ àná náà ni, kẹ̀kẹ́ àná náà ni, táyà kò sì jò. Kí ló wá dé?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé kò lágbára tó. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Agbára tó ń gbé e dé Yábàá tó ó gun òkè yẹn, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Bó ṣe ń ná agbára náà ni kò bá òkè mu. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé wa, ó yẹ ká mọ ohun tí òkè ń gbà lọ́wọ́ ẹni, àti ohun tí jíà kẹ̀kẹ́ ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Surulere, Yábàá, Mushin àti Ebute Metta jókòó lórí iyanrìn àti amọ̀ tí odò àti òkun kó jọ. Omi ló tẹ́ ilẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tó fi rí pẹrẹsẹ. Òkè tí ọmọ Mainland Èkó mọ̀ kò ju afárá lọ: ti Ojúẹlẹ́gba, ti Jíbówú, àtàwọn tó wà lẹ́bàá pápá ìṣeré ńlá ní Surulere. Ẹ gba Agége, Sango Ọ̀tà àti Ifọ̀ lọ sókè, ilẹ̀ á máa yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní Ewékorò, wọ́n ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Inú òkun ni òkúta bẹ́ẹ̀ ti ń dì, ẹ̀rí pé omi iyọ̀ ti bo ibẹ̀ nígbà kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Abẹ́òkúta, iyanrìn tán. Àpáta tó ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún ló yọrí síta níbẹ̀.

Àpáta náà kò wú jáde o. Ilẹ̀ tó rọ̀ jù ú lọ, tó yí i ká, ni òjò àti oòrùn jẹ, tí àgbàrá sì kó lọ. Èyí tó le ló ṣẹ́kù sókè. Bí Olúmọ ṣe di òkè nìyẹn, tí orí rẹ̀ fi mítà 137 ga ju òkun lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òkè Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn 660 wà fún ẹni tó bá fẹ́ dé ìlú àtijọ́, àti òkè Adó-Àwáyè tó gbé adágún Ìyákẹ̀ sórí. Ẹnikẹ́ni kò lè gun kẹ̀kẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Ìsàlẹ̀ irú àwọn òkè báyìí, lójú ọ̀nà oko àti ojú ọ̀nà igbó tó yí wọn ká, ni kẹ̀kẹ́ ti wúlò.

Ohun tí òkè ń gbà

Gbogbo ohun tó bá ní ìwọ̀n ni ilẹ̀ ayé ń fà mọ́ra. Òòfà ilẹ̀ ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, òòfà yìí ń fà yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ kò lọ sókè, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ohun méjì péré lẹ ń bá jà: táyà tó ń tẹ̀ tó sì ń nà padà bó ṣe ń yí, àti afẹ́fẹ́ tí ẹ ń là kọjá. Ẹni kílò 70 tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kílò 15, tó ń sáré kìlómítà 15 ní wákàtí kan, bí wọ́ọ̀tì 50 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pèsè. Wọ́ọ̀tì ni òṣùwọ̀n bí iṣẹ́ ṣe ń yá sí. Òun náà ni wọ́n ń kọ sára gílóòbù iná. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí kì í ṣe eléré ìje, lè pèsè nǹkan bí wọ́ọ̀tì 100 fún wákàtí kan gbáko.

Ẹ wá tẹ ọ̀nà náà sókè díẹ̀, kó máa fi mítà 5 ga sí i nínú gbogbo mítà 100. Ojú lè má tètè rí i pàápàá. Bí ẹni yìí bá ní dandan ni kí òun máa sá kìlómítà 15 yẹn lọ, iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe á fò láti wọ́ọ̀tì 50 kọjá 200. Ìyẹn lé ní ìlọ́po mẹ́rin, lórí òkè tí àwọn ará Abẹ́òkúta kò ní pè ní òkè. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló máa fi ṣe é, kí itan tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o bí ata.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ nìyí. Àpapọ̀ ohun tí òkè ń gbà kéré gan-an ni. Kí ẹni kílò 70 gbé ara rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ láti ẹsẹ̀ òkun dé ibi tó ga tó orí Olúmọ, tí a bá yọ iṣẹ́ táyà àti ti afẹ́fẹ́ kúrò, oúnjẹ tí ara yóò jó fún gíga yẹn nìkan kò tó kálórì 120. Gààrí gíráàmù 35 ti san án. Kò sí ẹni tó jẹun lówùúrọ̀ tí gààrí gíráàmù 35 máa wọ́n lára rẹ̀. Òkè kò bi yín léèrè ìgbà tí ẹ máa san án, bóyá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tàbí ní wákàtí kan. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ san án lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹni wa bá gbà láti rọra máa lọ ní kìlómítà 6 ní wákàtí kan lórí òkè kan náà, bí wọ́ọ̀tì 80 ni yóò ná. Ó bọ́ sínú ohun tí agbára rẹ̀ ká. Nígbà náà kí ló dé tí kò kàn rọra lọ? Nítorí pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò jẹ́.

Jíà, àti alájọ Ṣómólú

Láyé àwọn bàbá wa, kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àgbẹ̀ kòkó ń gùn lọ sí oko, òun sì ni adẹ́mu ń gùn wọ igbó ọ̀pẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn òyìnbó nìkan ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà igbó, kó bi arúgbó kan léèrè ní Oǹdó. Kẹ̀kẹ́ náà lágbára, ó lè gbé àpò kòkó, ó lè gbé ìyàwó lẹ́yìn àpò. Ṣùgbọ́n jíà kan ṣoṣo ló ní, bíi ti kẹ̀kẹ́ ẹni wa.

Ẹ wo ibi tí pẹ́dà wà. Àwo irin kan tó ní eyín yíká wà níbẹ̀. A ó pè é ní àwo eléyín iwájú. Òmíràn tó kéré wà láàárín táyà ẹ̀yìn, ṣéènì ló sì so méjèèjì pọ̀. Ká ní eyín 44 ló wà níwájú, tí 18 wà lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ yín bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, ṣéènì á fa eyín 44 kọjá, táyà ẹ̀yìn á sì ti yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Pẹ̀lú táyà tí àyíká rẹ̀ tó mítà 2 lé díẹ̀, kẹ̀kẹ́ á ti lọ síwájú ní mítà 5 àti díẹ̀. Ó dára púpọ̀ ní Yábàá: ẹ yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ti ń sá kìlómítà 18 ní wákàtí kan.

Lórí òkè, mítà 5 yẹn di wàhálà. Gbogbo ìgbà tí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ara yín àti kẹ̀kẹ́ gba mítà 5 ọ̀nà òkè, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀ ọ́. Lórí òkè mítà 5 nínú 100 tí a ń sọ, ẹsẹ̀ yóò máa tẹ pẹ́dà pẹ̀lú ipá tó tó kílò 24 ní ìpíndọ́gba. Bí òkè bá wá le di mítà 10 nínú 100, ìpíndọ́gba á dé kílò 44. Ìpíndọ́gba sì ni, nítorí pé nígbà tí pẹ́dà bá wà lókè pátápátá tàbí nísàlẹ̀ pátápátá, títẹ̀ yín kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó bá wà lágbedeméjì ni ipá náà ń wọlé, níbẹ̀ ni ó sì ti gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí kílò 70. Ẹ rántí pé kílò 70 náà ni gbogbo ìwọ̀n ara ẹni yìí. Ó ti dìde dúró lórí pẹ́dà kan, ó ti gbé gbogbo ara lé e, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò lọ mọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò ní ìwọ̀n tó kù láti fi tẹ̀ ẹ́ ni, àfi tó bá ń fi ọwọ́ fa ara rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́.

Jíà ló ń yanjú èyí. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún òkè máa ń ní àwo eléyín púpọ̀ lẹ́yìn, kékeré dé ńlá, pẹ̀lú apá irin kan tó ń ti ṣéènì láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Ká ní ẹ gbé ṣéènì sórí àwo eyín 22 níwájú àti eyín 34 lẹ́yìn. Ìgbà tí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà kò tíì yí tán, mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 36 péré lẹ lọ. Ipá tí ẹsẹ̀ ń lò á já láti kílò 24 sí ohun tí kò tó kílò 7. Ẹ ó yí pẹ́dà ní ọ̀pọ̀ ìgbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ẹ tó dé orí òkè, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Iṣẹ́ tí jíà ń ṣe nìyẹn: kò fún yín ní agbára kankan. Àjọ ojoojúmọ́ ló dà bí i. Ìyá tó ń ta tòmátò ní ọjà Mushin kò lè yọ ₦30,000 lójijì, ṣùgbọ́n ₦1,000 lójúmọ́ kò ní pa ọjà rẹ̀ lára, bí oṣù bá sì parí, owó ti pé. Ará Èkó tó bá fẹ́ yin ọlọ́gbọ́n á ní orí rẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Alphaeus Táíwò Olunaike ni wọ́n ń bá wí, ẹni tó ń gbàjọ kiri àdúgbò nígbà ayé rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, bíi pé ta ni yóò ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gba owó kékeré lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀ láàárín kọ̀rọ̀ Ṣómólú, kí ni yóò fi mọ́tò ṣe níbẹ̀?

Àwọn òyìnbó pàápàá ti fojú ọ̀lẹ wo jíà rí. Henri Desgrange, ẹni tó dá ìdíje Tour de France sílẹ̀, kò fẹ́ kí àwọn eléré lo irin tó ń pààrọ̀ jíà. Títí di 1937 ni kò fi sí i fún wọn lórí àwọn òkè Álípì. Kí wọ́n tó gbà á láàyè, ẹni tó bá fẹ́ jíà míràn á sọ̀ kalẹ̀, á tú táyà ẹ̀yìn, á yí i padà kó lè lo àwo eléyín tó wà ní ìhà kejì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéraga ni, kò kan agbára.

Ibi tí rírọra lọ pin sí

Ẹ lè wá sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa lọ ní kìlómítà 2 ní wákàtí kan. Kẹ̀kẹ́ kò ní jẹ́. Ohun tó ń mú kẹ̀kẹ́ dúró lórí táyà méjì ni pé bó bá fẹ́ ṣubú sí ọ̀tún, ẹni tó ń gùn ún máa ń yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí ọ̀tún láìmọ̀, táyà á sì sá bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ara ló ń ṣe é, a kì í tilẹ̀ ronú sí i. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ kò bá yára, táyà kò ní tètè débẹ̀, ẹ ó máa yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gan-an sọ́tùn-ún sósì, ojú ọ̀nà tóóró inú igbó kò sì fàyè gba ìyẹn. Ní nǹkan bí kìlómítà 4 ní wákàtí kan sísàlẹ̀, ó sàn kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ rìn.

Ìṣòro míràn ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Lórí òkè tó ní òkúta wẹ́wẹ́, ìwọ̀n yín máa ń yí lọ sẹ́yìn, táyà iwájú á sì fẹ́ gbéra nílẹ̀. Bí ẹ bá wá dìde dúró láti fi tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìwọ̀n á kúrò lórí táyà ẹ̀yìn, táyà náà á sì máa yí lójú kan láì di ilẹ̀ mú. Ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ jókòó sí ṣóńṣó iwájú ìjókòó, kí ẹ tẹ àyà sọ́nà ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ìgúnpá rọ̀ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni táyà méjèèjì á fi rí ìwọ̀n tiwọn gbé.

Afẹ́fẹ́ inú táyà tún ń dá sí i, ó sì ń jọ mí lójú pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí. Fọkanáísà Èkó máa ń rọ afẹ́fẹ́ kẹ̀kẹ́ títí yóò fi le gan-gan, ó sì tọ̀nà fún ọ̀dà. Ká ní táyà ẹ̀yìn ń gbé kílò 47, tí géèjì sì ka 60. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbé ìwọ̀n náà, nítorí náà ibi tí táyà ti fara kan ilẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà oníbùú-lóròó 11 lọ, kò tó ojú àpótí ìṣáná. Ẹ tú afẹ́fẹ́ jáde kí géèjì ka 25, ojú ibẹ̀ á fẹ̀ dé nǹkan bí 27. Ìwọ̀n kan náà ti tàn káàkiri ilẹ̀ tó pọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Ibi tí iyanrìn ti ń gbé táyà mì tẹ́lẹ̀, á máa gbé e lókè. Táyà tó rọ̀ tún ń tẹ̀ mọ́ gbòǹgbò àti òkúta dípò kó máa ta kúrò lórí wọn. Ṣùgbọ́n bó bá rọ̀ jù, tí ẹ sì fi ìbínú kọlu òkúta, ríìmù á fún tíúùbù mọ́ òkúta náà, á sì gún un ní ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá rí irú ihò méjì bẹ́ẹ̀, ẹ má wá ìṣó kiri nínú táyà. Afẹ́fẹ́ ló kéré.

Ooru inú igbó

Ẹni tó bá wọ igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí UNESCO fọwọ́ sí ní 1977 gẹ́gẹ́ bí ibi ìdáàbòbò ohun alààyè, yóò rí i pé ọ̀nà àwọn agégẹdú àti ti àgbẹ̀ kòkó wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà. Erin ṣì ń gbé igbó yẹn, nítorí náà ẹ má dá wọ̀ ọ́, ẹ má sì wọ̀ ọ́ láì gbàyè lọ́wọ́ àwọn olùṣọ́ igbó. Àmọ́ ooru ni mo fẹ́ sọ. Ibòòji wà, oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ń gun òkè níbẹ̀ máa ń gbóná ju ẹni tó wà lójú oòrùn ní Ojúẹlẹ́gba lọ.

Nínú agbára tí iṣan ń jó, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń dé pẹ́dà. Ìyókù di ooru. Fún wọ́ọ̀tì 80 tó ń lọ sí pẹ́dà, ara ń pèsè ooru tó ju wọ́ọ̀tì 240 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tú u jáde. Òógùn ni ọ̀nà tó lágbára jù. Kì í ṣe jíjáde òógùn ló ń mú ara tutù o, gbígbẹ rẹ̀ ni: omi tó ń gbẹ kúrò lójú awọ ló ń kó ooru lọ. Lítà òógùn kan tó gbẹ pátá lè kó ooru wákàtí méjì irú iṣẹ́ yìí kúrò lára. Èyí tó kán sílẹ̀ kò kó nǹkan kan lọ. Nínú igbó, ọ̀rinrin ti kún afẹ́fẹ́ débi pé òógùn kì í rí ibi gbẹ sí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, eré kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí yín lára. Ní kìlómítà 6 ní wákàtí kan, atẹ́gùn yẹn kò sí mọ́. Ara kò mọ ohun míràn tí yóò ṣe ju kó tún tú òógùn síta lọ, ibẹ̀ ni omi àti iyọ̀ ara ti ń tán. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹni tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, tí èébì ń gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, kì í ṣe ẹni tí a ń kí pé kó gbìyànjú sí i: ẹ gbé e síbi tó tutù, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Sísọ̀kalẹ̀

Gbogbo ohun tí ẹ san fún òkè wà níbẹ̀, òkè yóò dá a padà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, yálà ẹ fẹ́ tàbí ẹ kọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó di eré sísá, ooru ló máa dà, bíréèkì ni yóò sì gbà á. Ẹni wa tó bá fi bíréèkì sọ̀ kalẹ̀ ní gíga mítà 100 máa ń pèsè ooru tó lè mú omi sẹ̀ńtílítà 25 hó.

Ní 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan ní California bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ díje ní ọ̀nà eléruku tó sọ̀ kalẹ̀ nítòsí òkè Tamalpais. Ìdíje yẹn wà lára ohun tó bí kẹ̀kẹ́ òkè òde òní. Bíréèkì tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, tó wà nínú àárín táyà, ni kẹ̀kẹ́ wọn ń lò, ó sì máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ ń jó di èéfín. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ tán, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, kí wọ́n tún gíríìsì kì sí i. Láti ara títún-un-kì yẹn ni ìdíje náà ti gba orúkọ rẹ̀, Repack.

Nítorí ooru yìí, ẹ má fún bíréèkì mú láti òkè délẹ̀. Ẹ fún un gírí, ẹ dín eré kù, ẹ tú u kó fẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ tún fún un. Bíréèkì iwájú ló lágbára jù, nítorí pé bí kẹ̀kẹ́ bá ń dúró, ìwọ̀n máa ń rọ́ síwájú, táyà iwájú á sì di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n lórí òkúta wẹ́wẹ́, bí ẹ bá já a mú lójijì, táyà á yọ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ á gbé yín dà síwájú. Ẹ ti ìdí sẹ́yìn kọjá ìjókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà lọ́gbọọgba, kí orúnkún rọ̀. Ríìmù tó tutù tún jẹ́ ọ̀ràn lọ́tọ̀: rọ́bà bíréèkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu omi kúrò kó tó lè dì í mú, táyà á sì ti yí ní ìgbà mélòó kan kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Orí òkè ni kí ẹ ti dán an wò, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń rọra yí: ẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ríìmù gbẹ. Bí kò bá mú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tì í dé ìsàlẹ̀.